Àpò Ẹgbẹ́ Kò Mọ sí Owó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ yìí dá lórí àwọn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ tí ó wà káàkiri ìlú wa, irú Rotary àti Lions, àwọn tí ẹ máa ń rí àmì wọn lára pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga-dẹ̀rọ, lára ògiri ilé ìwòsàn, tàbí lẹ́bàá títì bí ẹ bá fẹ́ wọ ìlú. Ìbéèrè tí mo gbé wá ni pé: kí ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní lọ́wọ́ gan-an tí ó fi lè ṣe ìlú lóore? Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò dáhùn pé owó ni, nítorí àwọn olówó ni a sábà máa ń rí nínú wọn. Èrò tèmi yàtọ̀. Owó wúlò, n ó sì sọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìtàn àwọn ẹgbẹ́ yìí yẹ̀bẹ́yẹ̀bẹ́, a ó rí i pé ohun tí ó ń mú iṣẹ́ wọn tọ́jọ́ ni àwọn èèyàn tí wọ́n bá fìmọ̀ ṣọ̀kan kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ kan. Níbi tí àjọṣe bá ti ṣáájú, owó kékeré a máa ṣe bẹbẹ. Níbi tí owó bá ti ṣáájú, owó ńlá a máa wọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1905, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Paul Harris bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta pàdé ní ìlú Chicago, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn ń ta èédú, èkejì jẹ́ ẹnjiníà ìwakùsà, ẹ̀kẹta jẹ́ télọ̀. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn yóò máa ṣèpàdé ní ọ́fíìsì ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yíyí tí ìpàdé náà sì ń yí kiri ló bí orúkọ Rotary. Wọ́n ní ìlànà kan nígbà náà tí ó yẹ kí a dúró wò: ẹnì kan péré ni wọ́n ń gbà wọlé láti inú iṣẹ́ kan. Bí télọ̀ bá ti wà níbẹ̀, télọ̀ mìíràn kò tún rí àyè. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá jókòó, onírúurú ìmọ̀ ló jókòó yẹn, olúkúlùkù ló sì mọ àwọn kan tí àwọn yòókù kò mọ̀. Ohun ìní ńlá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí báǹkì tí ó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Iṣẹ́ ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé, ní 1907, kì í ṣe ohun tí èèyàn máa fi ń ya fọ́tò: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgboro ni. Ní àárín ìlú Chicago nígbà yẹn, ẹni tí ó bá fẹ́ gbọnsẹ̀ ní láti yà sí ilé ọtí tàbí ilé ìtajà ńlá. Àwọn apọntí àti àwọn onílé ìtajà takò ó, torí pé ẹni tí ó bá yà wọlé torí ìgbọ̀nsẹ̀ a máa ra nǹkan kó tó jáde. Ẹgbẹ́ Rotary kò dá ilé náà kọ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pe àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ní ìlú náà jọ, gbogbo wọn sì pa ohùn pọ̀ kojú ìjọba ìlú títí ìjọba fi gbà láti náwó sí i. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀nà ti là: ẹgbẹ́ ló pèpàdé, ìlú ló ṣe é.

Ní ti owó, ẹ má jẹ́ kí a fojú kéré rẹ̀. Ní 1917, Arch Klumph, tí ó jẹ́ ààrẹ Rotary, dábàá àpò kan tí wọn yóò máa fi ṣoore káàkiri ayé. Owó tí ó kọ́kọ́ wọ àpò náà jẹ́ dọ́là 26 àti sẹ́ǹtì 50, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ Rotary ti Kansas City. Lónìí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà lé ní mílíọ̀nù kan, àpò yẹn sì ti di ńlá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ná an ló yẹ kó jẹ wá lógún. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá dáwó ọdọọdún, wọn á fi owó náà ṣòwò fún ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ á padà sí ẹkùn àwọn ẹgbẹ́ Rotary tí ó ti wá, èyí tí ó kù á wà nínú àpò gbogbo ayé. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo wá fẹ́ fi irú owó yìí ṣe iṣẹ́ ńlá. Iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 dọ́là, ẹgbẹ́ Rotary kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn sì gbọ́dọ̀ bá a dá a. Fún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ẹkùn bá fi sílẹ̀, àpò gbogbo ayé á fi sẹ́ǹtì 80 lé e. Síbẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ sí i àfi bí ẹgbẹ́ náà bá fi hàn pé òun ti bá àwọn ará àdúgbò jókòó, pé òun mọ ohun tí wọ́n nílò láti ẹnu wọn, àti pé ètò wà fún ẹni tí yóò máa tọ́jú iṣẹ́ náà bí owó bá tán. Láti 2013 ni ìlànà yìí ti gbilẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, owó kéékèèké fún iṣẹ́ kéékèèké ló pọ̀ jù. Rotary fúnra rẹ̀ ló pinnu pé iṣẹ́ díẹ̀ tí yóò tọ́jọ́ sàn ju ọ̀pọ̀ tí kò ní tọ́jọ́ lọ. Ẹ ò rí i pé lẹ́nu ọ̀nà àpò owó pàápàá, àjọṣe ni kọ́kọ́rọ́.

Àmọ́ ẹ̀rí tí ó lágbára jù wà nílé wa níbí, nínú ìtàn àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Ní 1985 ni Rotary ti pinnu pé òun yóò ṣe gudugudu méje kí àrùn náà lè kúrò láyé. Ní 1988, Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNICEF, iléeṣẹ́ CDC ti Amẹ́ríkà àti Rotary para pọ̀ dá ètò kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ní ọdún yẹn, nǹkan bí 350,000 èèyàn, ọmọdé sì ni ọ̀pọ̀ wọn, ni àrùn náà ń sọ di arọ lọ́dọọdún, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 125. Ní Nàìjíríà, owó wà, oògùn àjẹsára tí wọ́n ń kán sí ọmọdé lẹ́nu wà, àwọn tí yóò kán an náà wà. Síbẹ̀, nígbà tí ó di ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Kano kọ̀ ọ́. Kaduna àti Zamfara náà dá a dúró fúngbà díẹ̀. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ti fi ohun tí yóò sọ àwọn ọmọbìnrin di àgàn sínú rẹ̀, àwọn kan ní kòkòrò éèdì ló wà níbẹ̀. Irọ́ ni ìròyìn náà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí ó jẹ́ kí irọ́ náà ríbi fìdí sí kò ṣàdédé wá: ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn èèyàn ní Kano, iléeṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀, àwọn kan kú nínú wọn, ẹjọ́ náà sì dé kóòtù. Àwọn òbí tún ń béèrè ìbéèrè kan tí kò sẹ́ni tí ó rí èsì fún wọn: bí ibà bá mú ọmọ wa, kò sí oògùn ní ilé ìwòsàn, a ní láti rà á, kí ló dé tí ẹ fi ń gbé èyí tí a kò béèrè wá sí ẹnu ọ̀nà wa lọ́fẹ̀ẹ́?

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ní oṣù Keje ọdún 2003 gan-an ni Jonathan Majiyagbe di ààrẹ Rotary lágbàáyé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò jókòó sórí àga náà. Agbẹjọ́rò ni, Kano ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún kan ni ààrẹ ń lò, ọdún rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọdún tí Kano ti ìlẹ̀kùn mọ́ àjẹsára mu rẹ́gí. Ẹgbẹ́ náà ní owó, ó ní orúkọ, olórí rẹ̀ lágbàáyé ti ìlú yẹn gan-an wá, síbẹ̀ ìlẹ̀kùn kò ṣí. Bí a bá ń wá ẹ̀rí pé owó àti ipò kò lè rọ́pò ìfọkàntán àwọn ará ilé, èmi ò mọ èyí tí ó tún lè ju ìyẹn lọ. Nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ni Kano fi dúró. Kòkòrò àrùn náà kò dúró ní tirẹ̀: ó sọ̀ dé Èkó, ó wọ Benin, Togo, Ghana àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, nígbà tí ó di 2005, ó ti dé Yemen àti Indonesia. Ní 2006, àwọn ọmọ tí kòkòrò náà rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní 1,100.

Báwo ni ìlẹ̀kùn ṣe wá ṣí? Kò sẹ́ni tí ó fi owó ṣí i. Àkọ́kọ́, wọ́n gbà kí Kano fúnra rẹ̀ yan ibi tí àjẹsára yóò ti wá, ó sì yan Indonesia, orílẹ̀-èdè tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tí ó gba sùúrù bẹ̀rẹ̀. Ní 2009, wọ́n dá ìgbìmọ̀ àwọn ọba ilẹ̀ Hausa àti ti Òkè Ọya yòókù sílẹ̀ lábẹ́ Súltáànù Sókótó, tí àwọn ọba fi ń bá àwọn baálẹ̀ sọ ọ́ pé kí wọ́n mọ ilé tí wọn kò tíì kán oògùn fún àwọn ọmọ ibẹ̀. Àwọn àáfà sọ̀rọ̀ nínú mọ́sálásí. Àwọn tí àrùn náà ti sọ di arọ wọ́ ara wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn òbí, wọ́n ní kí wọ́n wo àwọn. Láti 2012, UNICEF bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwọn obìnrin àdúgbò, tí olúkúlùkù ń ṣọ́ àwọn ilé tí ó mọ̀ dunjú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Rotary sì wà láàárín wọn: wọ́n ń tọ gómìnà lọ, wọ́n ń jókòó ti àwọn ọba. Àwọn tó ń ṣètò àjẹsára náà tún ń fi oògùn ibà àti ìtọ́jú àwọn àìsàn mìíràn kún àjẹsára lójúde, kí ìbéèrè àwọn òbí lè rí èsì. Iye àwọn ọmọ tí ó ń ní àrùn náà já láti 388 ní 2009 sí 21 ní 2010. Ó tún gbérí lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, àwọn oníbọn pa àwọn obìnrin tí ń kán àjẹsára ní Kano, wọn kò dín ní mẹ́sàn-án. Síbẹ̀ àwọn yòókù kò padà lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ó kù 6 ní 2014. Mẹ́rin tí wọ́n rí ní Borno ní 2016 ni ó kẹ́yìn, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé oríṣi kòkòrò àrùn yìí tí ó wá láti inú ìṣẹ̀dá ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Owó tí Rotary ti ná káàkiri ayé lórí iṣẹ́ yìí lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là. Owó Gates Foundation àti ti ìjọba Amẹ́ríkà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ṣe owó nìkan ni, orúkọ Rotary ì bá ti sọnù láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà sún mọ́ wa, kí n mú un wá sí ìdí kànga-dẹ̀rọ. Ní 2009, àjọ kan tí ó ń rí sí omi ìgbèríko ṣe ìṣirò pé nínú àwọn ẹ̀rọ omi tí a ń fi ọwọ́ fà ní ilẹ̀ Áfíríkà, nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́ta ni kò ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kì í sábà bàjẹ́ nítorí pé omi tán. Ọ̀pá kan á ṣẹ́, tàbí awọ inú rẹ̀ á jẹ, kò ní sí owó àtúnṣe nílẹ̀, kò ní sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tú, kò sì ní sí ẹni tí ó gbà pé tòun ni. Ẹ ó gbọ́ tí àwọn ará àdúgbò ń sọ pé kànga Rotary ti bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí. Ẹni tí ó ń pọn omi níbẹ̀ lójoojúmọ́ kò pè é ní kànga wa, nítorí pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń pinnu ibi tí wọn yóò gbẹ́ ẹ sí, kò sẹ́ni tí ó bi í. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti lọ kí baálẹ̀, kí wọ́n sì gbẹ́ ẹ sí iwájú ilé baálẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ àjọṣe, mi ò ní lọ́kàn pé kí ẹgbẹ́ kí ọba nìkan, kí ó gba àdúrà, kí ó padà sílé. Kí wọ́n bi àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ tí ń ru omi. Kí wọ́n bi ìyálọ́jà, kí wọ́n bi ẹgbẹ́ àwọn onílé, kí wọ́n wá ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí yóò kọ́ bí a ti ń tún ẹ̀rọ náà ṣe. Kí wọ́n fẹnu kò sórí iye tí wọn yóò máa gbà lórí garawa kan, ẹni tí yóò jẹ́ akápò, àti bí yóò ṣe máa sọ iye tí ó wọlé fún gbogbo ilé.

Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Kí Rotary tó dé ọ̀pọ̀ ìlú wa, àwọn baba wa ti ń ṣe ọ̀wẹ̀ àti àáró lóko. Ní 1934, Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá ilé ẹ̀kọ́ gírámà Iléṣà sílẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà nílé àti lẹ́yìn odi ló dáwó rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà ní baba àti ìyá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń parí lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje ṣáájú àwọn tí ó pe ìlú jọ láti jíròrò òṣì tí ń bá wọn fínra. Ìgbìmọ̀ tí ó jáde láti inú ìjíròrò yẹn yá àwọn èèyàn lówó láti fi ṣòwò àti láti fi dáko, nípasẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ẹni kọ̀ọ̀kan lè ní àwọn tí yóò dúró fún un. Àwọn régbérégbé ṣì wà ní ìlú kan náà, ọjọ́ orí ló so wọ́n pọ̀, àwọn náà sì ń dáwó sí iṣẹ́ ìlú. Ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ tí ó bá wọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ tí ó ń ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ ibẹ̀ ṣófo ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ohun tí ó níye lórí jù nù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò yarí. Wọn yóò ní àwọn ẹgbẹ́ yìí, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá ni. Aṣọ, oúnjẹ alẹ́ àti fọ́tò ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pàdé. Mi ò ní jiyàn pé kò sí irú wọn. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí wọ́n yà kọ́ ni kí a fi ṣèdájọ́ ẹgbẹ́. Kí a bi wọ́n pé ta ni ó bá yín jókòó kí ẹ tó ṣe é, ta sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí? Ẹgbẹ́ tí ó bá lè dárúkọ àwọn èèyàn náà ti dáhùn. Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ ìjọba ni omi àti ìlera, pé bí ẹgbẹ́ bá ń ṣe é, ìjọba á sùn. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ wà nínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀ràn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, Rotary kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba; ó ń lọ bá àwọn gómìnà pé kí wọ́n mú ìlérí wọn ṣẹ. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́ ilé ìwòsàn láìsí àdéhùn lórí nọ́ọ̀sì tí ìjọba yóò rán wá, ilé òfìfo ló kọ́ fún ìlú.

Àtakò tí ó wúwo jù lójú mi ni ti àkókò. Ọdún kan péré ni ààrẹ ẹgbẹ́ ń lò lórí oyè. Bí ó bá fi oṣù mẹ́fà jókòó ti àwọn ará àdúgbò, kí ni yóò rí fi hàn nígbà tí ó bá ń gbé ipò sílẹ̀? Ìnira náà kì í ṣe kékeré, òun ló sì ń mú kí ọ̀pọ̀ ààrẹ máa sáré gbẹ́ kànga tuntun nígbà tí ti ààrẹ àná ń dákú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Kano. Kò tó ọdún kan tí àjẹsára dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó ọdún 16 lẹ́yìn náà kí Áfíríkà tó bọ́. Kí ẹgbẹ́ yí àṣà náà padà: kí wọ́n máa yin ààrẹ tí ó tún ti àná ṣe, tí ó sì fi àdéhùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí lé ẹni tí ń bọ̀ lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń yin ẹni tí ó ṣí tuntun.

Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Oríṣi kòkòrò rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ kan, èyí tí ó ń yọ láti ara àjẹsára tí ó jẹ́ aláìlágbára níbi tí àwọn ọmọ tí kò gbà á bá ti pọ̀, ṣì ń jà ní Nàìjíríà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, kí ẹ tó pàdé lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ rán ẹni méjì lọ wo iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ yín ṣe ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kí wọ́n bi àwọn tí ń lò ó bí ó ṣe rí. Ẹ̀yin ará ilé náà, bí àwọn tí ń kán àjẹsára bá kan ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i fún wọn, ẹ gbé ọmọ jáde.